Àmì-Ẹ̀yẹ Àwọn Ọlọ́pàá: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti rí ọlọ́pàá tí mẹ́dàlì tò sí láyà rẹẹrẹ, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ló mọ ohun tí ìkọ̀ọ̀kan wọn dúró fún àti bó ṣe dé ibẹ̀. Àwọn ìbéèrè tó máa ń jẹ yọ jù la kó jọ síhìn-ín. Ìdáhùn kan gùn, òmíràn kúrú. Bí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bá ṣe le tó la ṣe tú u.

Ṣebí wọ́n ń san owó oṣù fún ọlọ́pàá. Kí ni wọ́n tún ń yẹ́ ẹ sí fún?

Owó oṣù wà fún iṣẹ́ tó wà nínú ìwé: kó dé ibi iṣẹ́ lásìkò, kó rìn yí àdúgbò ká, kó mú ẹni tó bá rú òfin, kó kọ àkọsílẹ̀ ohun tó rí. Kò sí ìwé ìgbanisíṣẹ́ tó sọ pé kí ẹnikẹ́ni fi àyà gba ọta ìbọn. Ibi tí èèyàn ti lè dúró, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní í bá a wí, àmọ́ tí kò dúró, ibẹ̀ ni àmì-ẹ̀yẹ ti wọlé.

Ẹ wo Ínsípẹ́kítọ̀ Jim Beaton, tó jẹ́ ẹ̀ṣọ́ Ọmọọba Anne ní London. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹta ọdún 1974, ọkùnrin kan fi ọkọ̀ dábùú ọ̀nà mọ́ wọn, ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìbọn, ó fẹ́ jí ọmọọba náà gbé. Beaton bọ́ sílẹ̀, ọta bà á léjìká. Ó yin ìbọn tirẹ̀, kò bá ọkùnrin náà. Ó tún fẹ́ yìn ín, ìbọn há. Kò sá. Ó padà lọ fi ara rẹ̀ dí ọmọọba, ó na ọwọ́ sí ẹnu ìbọn ẹni yẹn, ọta sì gba ọwọ́ náà kọjá. Èyí tó tẹ̀ lé e wọ̀ ọ́ níkùn. Ó yè é, wọ́n sì fún un ní George Cross, èyí tí kò sí mẹ́dàlì ìgboyà tó ga jù ú lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ohun tí kò ṣẹlẹ̀ lójú ogun. Ọ̀gbẹ́ni Ronald Russell, abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò kan tó kàn ń kọjá lọ, tó sọ̀ kalẹ̀ láti bá ajínigbé náà wọ̀yá ìjà, gba George Medal, èyí tó tẹ̀ lé George Cross, ní tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọlọ́pàá rárá.

Irú àmì-ẹ̀yẹ wo ló wà?

Orúkọ wọn yàtọ̀ láti ilẹ̀ dé ilẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí tí wọ́n fi ń fúnni kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Èyí tí gbogbo ayé mọ̀ jù ni ti ìgboyà, ti ẹni tó fẹ̀mí ara rẹ̀ wewu kí ẹlòmíràn má bàa kú. Ti iṣẹ́ takuntakun wà fún ẹni tí ọgbọ́n àti làálàá rẹ̀ mú ìyàtọ̀ wá, bóyá ó dá ẹ̀ka tuntun kan sílẹ̀, bóyá ó tú àṣírí ọ̀ràn kan tó ti sú gbogbo èèyàn. Ti ọjọ́ pípẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ wà fún ẹni tó sìn fún ọ̀pọ̀ ọdún láìní àbàwọ́n. Àwọn tó fara gbọgbẹ́ tàbí tó kú sẹ́nu iṣẹ́ ní tiwọn lọ́tọ̀.

Lábẹ́ gbogbo ìyẹn ni lẹ́tà ìyìn wà, bébà kan ṣoṣo tí ọ̀gá fọwọ́ sí. Ẹ má fojú kéré e. Inú fáìlì ló ń wọ̀, lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń wá ẹni tí ìgbéga tọ́ sí, ó máa ń gbẹnu sọ fún ẹni tó ni ín.

Àwọn ilẹ̀ kan ní àmì-ẹ̀yẹ tó pọ̀ débi pé àwọn ọlọ́pàá pàápàá kò lè dárúkọ wọn tán. Íńdíà rí i pé tirẹ̀ ti ń di rúdurùdu, ló bá pa wọ́n pọ̀ di mẹ́rin láti ọdún 2024: méjì fún ìgboyà, méjì fún iṣẹ́ ìsìn. Ọjọ́ méjì lọ́dún ni wọ́n máa ń kéde orúkọ níbẹ̀, 26 oṣù Kìíní àti 15 oṣù Kẹjọ.

Níbo ni ọ̀rọ̀ mẹ́dàlì ọlọ́pàá ti ṣẹ̀?

Orísun rẹ̀ ju ọ̀kan lọ, àmọ́ King's Police Medal ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lára èyí tó lókìkí jù, ìtàn rẹ̀ sì dùn ún gbọ́. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kìíní ọdún 1909, ní Tottenham ní àríwá London, ọkùnrin méjì tó wá láti Látífíà lúgọ de àwọn tó ń gbé owó iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ rọ́bà kan bọ̀. Wọ́n já àpò owó gbà. Ohun tí wọn kò rò dáadáa ni pé àgọ́ ọlọ́pàá wà ní òdìkejì títì gan-an. Àwọn ọlọ́pàá gbọ́ ìró ìbọn, wọ́n tú jáde, ni eré bá bẹ̀rẹ̀.

Eré ọjọ́ náà lé ní wákàtí méjì, ọ̀nà ibẹ̀ sì tó máìlì mẹ́fà. Àwọn olè fipá gba ọkọ̀ tíráàmù, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n gba ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin tó ń ta mílíìkì, wọ́n ń yìnbọn sẹ́yìn bí wọ́n ṣe ń lọ. Àwọn ọlọ́pàá ń fẹsẹ̀ lé wọn, àwọn mìíràn gun kẹ̀kẹ́ ológeere, àwọn kan sì yá ìbọn lọ́wọ́ àwọn tó ń kọjá. Kọ́ńsítébù William Tyler kú, ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́wàá kan kú, èèyàn rẹpẹtẹ fara gbọgbẹ́. Àwọn adigunjalè méjèèjì náà kò yè é.

Nígbà tí ariwo lọ sílẹ̀, ìbéèrè tó wà lẹ́nu gbogbo èèyàn ni pé, kí ni ìjọba ní láti fún irú àwọn ọkùnrin báyìí? Kò sí nǹkan kan tó jẹ́ ti ọlọ́pàá ní pàtó. Ní oṣù Keje ọdún yẹn kan náà ni Ọba Edward Keje dá King's Police Medal sílẹ̀. Eagles, Cater àti Dixon, àwọn kọ́ńsítébù mẹ́ta tó wọ ilé kékeré tí èyí tó kẹ́yìn nínú àwọn olè náà sá sí, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà á, wọ́n sì sọ wọ́n di sájẹ́ǹtì.

Ní ọdún 1933, wọ́n ya ti ìgboyà sọ́tọ̀ kúrò lára ti iṣẹ́ ìsìn. Ní 1954 ó di Queen's Police Medal, nígbà tí Ọba Charles gorí oyè, ó tún padà sí orúkọ ọba. Ti iṣẹ́ ìsìn ló kù nínú rẹ̀ báyìí. Ti ìgboyà ti bá àwọn mẹ́dàlì mìíràn lọ.

Báwo ni wọ́n ṣe ń wọn ìgboyà? Ṣé ẹni tó kú ló gboyà jù ni?

Rárá. Ikú nìkan kọ́ ni wọ́n ń wò. Ìgbìmọ̀ tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń béèrè àwọn nǹkan kan: ṣé ọlọ́pàá náà mọ̀ pé ewu wà kó tó wọ inú rẹ̀? Ṣé àyè wà fún un láti padà sẹ́yìn? Kí ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ló wà lọ́wọ́ ẹni tó kojú rẹ̀? Báwo ló ṣe pẹ́ tó nínú ewu náà? Ẹni tí ọta ṣèèṣì bà nígbà tó ń rìn lọ ti jìyà, ìjọba sì gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn yàtọ̀ sí ẹni tó rí ewu tó sì yàn láti lọ bá a.

Ní alẹ́ ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 2017, Wayne Marques, ọlọ́pàá ojú irin, bá agbésùnmọ̀mí mẹ́ta pàdé nítòsí London Bridge. Ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kóńdó nìkan ló wà lọ́wọ́ tirẹ̀. Wọ́n gún un lórí, ojú rẹ̀ kan kò ríran mọ́, síbẹ̀ ó ń fi kóńdó náà jà kí wọ́n má bàa ráyè padà sára àwọn ará ìlú. Ó yè é, ó gba George Medal.

Ní Mumbai, ní oṣù Kọkànlá ọdún 2008, Tukaram Omble tó jẹ́ ọlọ́pàá onípò kékeré gbá ẹnu ìbọn AK-47 agbésùnmọ̀mí kan mú. Igi ọlọ́pàá lásán ló mú dání lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọta wọ̀ ọ́ lára láìmọye, kò jọ̀wọ́ ìbọn, títí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ráyè mú ọkùnrin náà láàyè. Nínú àwọn mẹ́wàá tó kọlu ìlú náà, ẹni yẹn nìkan ni wọ́n rí mú láàyè, ẹnu rẹ̀ ni wọ́n sì ti gbọ́ púpọ̀ nínú bí wọ́n ṣe gbìmọ̀ ìkọlù náà. Omble kú. Wọ́n fún un ní Ashok Chakra ní ọdún 2009, èyí tó ga jù ní Íńdíà fún ìgboyà tí kì í ṣe ti ojú ogun.

Ẹ rí i pé kò sí ìyàtọ̀ nínú ọkàn àwọn méjèèjì. Ohun tó jọ wọ́n ni pé ohun tó wà lọ́wọ́ wọn kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí wọ́n kojú.

Ta ló lè fa orúkọ ọlọ́pàá kalẹ̀?

Lọ́pọ̀ ibi, ọ̀gá rẹ̀ ló máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó wà níbẹ̀ kọ ohun tó rí, ọ̀gá àgọ́ fọwọ́ sí i, ó lọ sí olú-iléeṣẹ́, ìgbìmọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹni tó ní àṣẹ sì buwọ́ lù ú. Níbi tó ti jẹ́ àmì-ẹ̀yẹ gbogbo ìlú, ará ìlú náà lè kọ̀wé. Bó ṣe rí nìyẹn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè fa orúkọ ẹnikẹ́ni kalẹ̀ fún ọlá ọba. Ẹni kan ṣoṣo tí kò lè fa orúkọ kalẹ̀ ni ẹni tó ni orúkọ.

Amẹ́ríkà ní ọ̀nà tó há jù bẹ́ẹ̀ lọ fún Medal of Valor tí òfin ọdún 2001 dá sílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ààbò, ìyẹn ọlọ́pàá, panápaná àtàwọn mìíràn. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mọ́kànlá ló ń yẹ orúkọ wò, ààrẹ orílẹ̀-èdè ló ń fi í sí wọn lọ́rùn, òfin sì sọ pé kò gbọdọ̀ ju márùn-ún lọ lọ́dún àfi bí ọ̀ràn náà bá ṣàrà ọ̀tọ̀. Márùn-ún ní gbogbo Amẹ́ríkà! Ohun tó wọ́n ló níyì.

Mo fẹ́ kọ̀wé nípa ọlọ́pàá kan tó ṣe bẹbẹ. Kí ni kí n kọ?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ orúkọ ń kú sí. Kì í ṣe pé ohun tí ọlọ́pàá náà ṣe kò tó. Ẹni tó kọ ọ́ ni kò sọ nǹkan kan. Ìwé tó bá wí pé "akíkanjú ni, ó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀, gbogbo wa la fẹ́ràn rẹ̀" kò ran ìgbìmọ̀ lọ́wọ́. Kí ni wọ́n fẹ́ fi wọn ìyẹn? Bí ẹ bá kọ ọ́ báyìí ńkọ́: "Ilé náà ti ń jó láti òkè. Àwọn panápaná kò tíì dé. Ó wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kínní ó gbé ìyá àgbàlagbà kan jáde. Àwọn aládùúgbò di í mú pé kó má padà, ó já ara rẹ̀ gbà, ó padà wọlé lọ gbé ọmọ náà." Ẹ ò lo ọ̀rọ̀ ìyìn kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ẹni tó kà á ti mọ irú èèyàn tó jẹ́.

Ẹ kọ ọjọ́ àti aago. Ẹ kọ ibi tí ẹ dúró sí, kí wọ́n lè mọ ohun tí ojú yín lè tó àti ohun tí kò lè tó. Ẹ ya ohun tí ẹ fojú rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí wọ́n sọ fún yín. Bí àwọn mìíràn bá wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí àwọn náà kọ tiwọn, kí wọ́n má sì da tiyín kọ. Ìwé mẹ́ta tó bára mu dé orí àmì ìdánudúró máa ń mú kí ìgbìmọ̀ fura. Ẹ má sì ṣe bu iyọ̀ sí i. Àsọdùn kan ṣoṣo tí kámẹ́rà bá tú fó lè ba gbogbo ọ̀rọ̀ jẹ́ fún ọlọ́pàá tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ohun mìíràn ni pé kí ẹ tètè kọ ọ́. Púpọ̀ nínú àmì-ẹ̀yẹ ló ní gbèdéke ọjọ́, iyè ènìyàn náà a sì máa ra.

Ẹni tó ti kú ńkọ́? Ta ló ń gbà á fún un?

Àwọn ẹbí ni. Ọkọ tàbí aya ló máa ń ṣíwájú, tàbí òbí, tàbí ọmọ.

Sájẹ́ǹtì Stewart Guthrie ni ọlọ́pàá àkọ́kọ́ tó dé Aramoana, abúlé kékeré létí òkun ní New Zealand, nígbà tí ọkùnrin kan ń yìnbọn pa àwọn aládùúgbò rẹ̀ ní ọjọ́ 13 oṣù Kọkànlá ọdún 1990. Guthrie kú níbẹ̀. Wọ́n fi George Cross yẹ́ ẹ sí lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ní Faransé ní oṣù Kẹta ọdún 2018, Arnaud Beltrame, ọ̀gá nínú iléeṣẹ́ jẹ́ńdámù, ìyẹn àwọn ológun tó ń ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá, bẹ agbésùnmọ̀mí kan tó ká àwọn èèyàn mọ́ ilé ìtajà ní Trèbes pé kó fi obìnrin kan sílẹ̀ kó mú òun rọ́pò. Ó gbé fóònù rẹ̀ sórí tábìlì ní títàn, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níta lè máa gbọ́ ohun tó ń lọ. Ó kú lọ́jọ́ kejì. Wọ́n sọ ọ́ di Kọmáńdà nínú ẹgbẹ́ ọlọ́lá Légion d'honneur.

Àwọn kan wà tí wọ́n kú sẹ́nu iṣẹ́ láìsí ìtàn ìjà kankan: ọkọ̀ kọ lù wọ́n níbi tí wọ́n ti ń darí ọkọ̀, tàbí omi gbé wọn lọ. Nítorí irú wọn ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe dá Elizabeth Emblem sílẹ̀ ní ọdún 2024 fún ẹbí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó kú lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì jẹ́ kó padà sẹ́yìn dé 1948. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní Dag Hammarskjöld Medal fún àwọn ọmọ ogun, ọlọ́pàá àti òṣìṣẹ́ tó kú níbi tí wọ́n ti ń pẹ̀tù sí aáwọ̀ lábẹ́ àṣíá rẹ̀. Ní Washington, ògiri ìrántí tí wọ́n ṣí ní ọdún 1991 ti ní orúkọ àwọn agbófinró tó lé ní 24,000, wọ́n sì ń fín àwọn tuntun sí i lọ́dọọdún. Wọn kò to orúkọ náà ní a-b-d. Ọ̀gá àti kọ́ńsítébù jọ wà níbẹ̀ láìsí ipò.

Ṣé dandan ni kí ọlọ́pàá yìnbọn kó tó di akin?

Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì ju bó ṣe kéré lójú lọ. "Yinniyinni kẹ́ni ó ṣe òmíràn" ni àwọn àgbà wí, òótọ́ sì ni. Nítorí náà, kí ìjọba ṣọ́ra fún ohun tó ń yìn, torí òun náà ló tún máa rí.

Ní ọdún 1995, ìjọba ìpínlẹ̀ Rio de Janeiro ní Bùràsíìlì gbé òfin kan jáde pé ọlọ́pàá tó bá hùwà ìgboyà yóò gba àfikún owó oṣù, láti ìdá àádọ́ta títí dé ìdá àádọ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún. Lórí bébà, ó dára. Ní ìgboro, ohun tí wọ́n ń kà sí ìgboyà di kí ọlọ́pàá bá àwọn afurasí yìnbọn síra. Iye àwọn tí ọlọ́pàá ń pa lọ sókè, àwọn ará ìlú sì sọ owó náà ní "faroeste", bí wọ́n ṣe ń pe sinimá àwọn oníbọn orí ẹṣin. Ọdún 1998 ni àwọn aṣòfin tó fòpin sí i. Lójú tèmi, kò sí ẹ̀kọ́ tó yẹ kí ìgbìmọ̀ àmì-ẹ̀yẹ kà lákàtúnkà ju ti Rio yìí lọ: ẹ má fi owó mọ́ ìró ìbọn.

Los Angeles gba ọ̀nà mìíràn. Ní ọdún 2015, iléeṣẹ́ ọlọ́pàá ibẹ̀ kéde mẹ́dàlì tuntun fún ọlọ́pàá tó bá gba ẹ̀mí là nípa pé kò yìnbọn níbi tí ì bá ti yìn ín, wọ́n sì fi í sí ipò kan náà pẹ̀lú mẹ́dàlì ìgboyà wọn tó ga jù. Ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́pàá fárígá. Wọ́n ní ọlọ́pàá tó bá ń ro mẹ́dàlì lè ṣe lọ́ra, kí wọ́n sì pa á. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtìjú, ẹni tó wà nínú bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó dúró síwájú ọkùnrin tó mú ọ̀bẹ dání, tí orí rẹ̀ dàrú, tó sì bá a sọ̀rọ̀ títí ọ̀bẹ fi jábọ́, ta ló fẹ́ sọ pé ojo ni?

Mo mọ ọlọ́pàá kan tí kò bá olè jà rí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Ṣé nǹkan kan wà fún un?

Ó wà, àwọn èèyàn ni kì í kà á sí. Mẹ́dàlì ọjọ́ pípẹ́ àti ìwà rere ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1951. Ọdún méjìlélógún ni èèyàn ní láti lò tẹ́lẹ̀ kó tó gbà á. Láti 2010 ó ti di ogún ọdún. Àwọn kan máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé mẹ́dàlì "mo ṣì wà níbí" ni. Ẹni tó bá mọ ohun tí ogún ọdún iṣẹ́ òru, òkú ojú títì àti ìdánwò àbẹ̀tẹ́lẹ̀ lè fi ojú èèyàn rí kò ní í rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ àbẹ̀tẹ́lẹ̀ pàápàá ti ní àmì-ẹ̀yẹ tirẹ̀. Ní ọdún 2022, ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá kan ní Kano ní Nàìjíríà, Daniel Amah, kọ 200,000 dọ́là tí wọ́n fẹ́ fi pa á lẹ́nu mọ́ lórí ọ̀ràn ìdigunjalè. Kò sí ọta tó fò, kò sí ẹ̀jẹ̀. Ó ṣẹ́gun nínú yàrá kan tí ẹnikẹ́ni kò ti ń wò ó, ààrẹ orílẹ̀-èdè sì fi àmì-ẹ̀yẹ ìwà ìṣòtítọ́ dá a lọ́lá ní ọdún yẹn kan náà.

Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé náà ń yan ọlọ́pàábìnrin ọdún láti 2011, nínú àwọn tó ń sìn lábẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ tí ogun ti dà rú. Phyllis Osei láti Gánà gbà á ní 2018 fún iṣẹ́ rẹ̀ ní Sòmálíà, Seynabou Diouf láti Sẹ̀nẹ̀gà ní 2019 fún bó ṣe gbógun ti ìfipábánilòpọ̀ ní Kóńgò, Alizeta Kabore Kinda láti Bùrùkínà Fasò ní 2022 fún ohun tó ṣe fáwọn obìnrin àti ọmọdé ní Málì. Ẹni tí obìnrin tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ lè jókòó tì, kó sì sọ tẹnu rẹ̀ láìbẹ̀rù, iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe.

Ṣé owó wà nínú rẹ̀?

Kì í sábà sí, tàbí kó má tó nǹkan. Àwọn díẹ̀ ló yàtọ̀: ẹni tó bá gba George Cross ń gba 10,000 pọ́n-ún lọ́dún láti 2015. Ohun tó wọ́pọ̀ ju owó lọ ni ìgbéga.

Ṣé wọ́n lè fún gbogbo iléeṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà?

Wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó ṣọ̀wọ́n. Ọbabìnrin Elizabeth Kejì fún gbogbo ọlọ́pàá Royal Ulster Constabulary ní Northern Ireland ní George Cross lápapọ̀ ní ọdún 1999. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 2021 fi mẹ́dàlì góòlù ti ilé aṣòfin yẹ́ àwọn ọlọ́pàá tó dáàbò bo ilé náà ní ọjọ́ 6 oṣù Kìíní ọdún náà, nígbà tí èrò ya wọ ibẹ̀, sí. Fún àwọn òṣìṣẹ́ ààbò 442 tó kú nínú ìkọlù ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, mẹ́dàlì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ṣe fún ẹbí kọ̀ọ̀kan, ní ọdún 2005.

Apá wo ni wọ́n ń gbé e kọ́? Ṣé èmi ọmọ lè wọ ti bàbá mi?

Ẹni tó gbà á ń wọ̀ ọ́ sí òsì àyà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ilẹ̀ tó tẹ̀ lé àṣà rẹ̀, ẹbí ẹni tó ti kú lè wọ̀ ọ́ sí apá ọ̀tún lọ́jọ́ ìrántí, kí ẹni tó rí i lè mọ̀ pé kì í ṣe tiwọn. Lójoojúmọ́, rìbọ́n kékeré ló máa ń wà lára yunifọ́ọ̀mù dípò mẹ́dàlì fúnra rẹ̀.

Ajá àti ẹṣin ọlọ́pàá ńkọ́?

Àwọn náà ní tiwọn, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ní ọdún 1947, ẹṣin ọlọ́pàá London mẹ́ta, Olga, Upstart àti Regal, gba Dickin Medal, mẹ́dàlì tí wọ́n ń fún ẹranko, fún ìwà wọn lábẹ́ bọ́ǹbù nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Olga ni mo fẹ́ràn jù nínú wọn: bọ́ǹbù balẹ̀ nítòsí, gíláàsì fèrèsé ńlá kan já síwájú rẹ̀, ó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ bí ẹṣin èyíkéyìí ti máa ṣe. Ẹni tó gùn ún bẹ̀ ẹ́, ó padà, ó sì dúró ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Finn, ajá ọlọ́pàá kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ọ̀bẹ sáyà àti sórí ní oṣù Kẹwàá ọdún 2016 nígbà tó ń dáàbò bo ọlọ́pàá tó ń darí rẹ̀. Ó yè é, wọ́n fún un ní mẹ́dàlì góòlù PDSA, ẹgbẹ́ aláàánú tó ń tọ́jú ẹranko, ní 2018. Nígbà tó di 2019, òfin tuntun jáde pé ẹni tó bá ṣe ajá tàbí ẹṣin ìjọba léṣe kò lè wí pé òun ń gbèjà ara òun. Kí ọgbẹ́ ajá kan bí òfin, ẹ ò rí i pé ajá náà ṣe é!

Ṣé wọ́n lè gbà á padà?

Wọ́n lè gbà á. Bí ilé ẹjọ́ bá dá ọlọ́pàá lẹ́bi ọ̀ràn tó wúwo, tàbí tó hàn gbangba pé irọ́ ni ìtàn tí wọ́n torí rẹ̀ fún un, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ní ìgbìmọ̀ tó lè yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé. Àwọn kan ní kò yẹ bẹ́ẹ̀, pé ohun rere tí èèyàn ṣe lọ́jọ́sí kò di burúkú nítorí ohun tó ṣe lẹ́yìn ọ̀la. Mo gbọ́, àmọ́ mẹ́dàlì náà kì í ṣe ti ẹnì kan péré. Àwọn mìíràn wọ irú rẹ̀ sáyà.

Mo kọ̀wé, wọ́n ní kò tó. Ṣé ó ti tán nìyẹn?

Kò tíì tán. Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ohun tó ṣe ni kò tó, tàbí ẹ̀rí ni kò tó, torí ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Bó bá jẹ́ ẹ̀rí, ẹ wá ẹlẹ́rìí tí kò sọ̀rọ̀ nígbà àkọ́kọ́, kí ẹ tún un gbé lọ kí gbèdéke tó kọjá. Bó bá jẹ́ pé ohun tó ṣe kò dé òṣùwọ̀n mẹ́dàlì tí ẹ bẹ̀rẹ̀ fún, ìgbìmọ̀ lè fún un ní èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ sì lè béèrè fún ìyẹn fúnra yín. Bí gbogbo rẹ̀ bá já sí pàbó, ẹ kọ lẹ́tà kúkúrú kan sí ọ̀gá àgọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́, kí ẹ dárúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà tó wà láyà rẹ̀, kí ẹ sọ ohun tó ṣe, kí ẹ sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi í sínú fáìlì rẹ̀. Kò gba ìgbìmọ̀ kankan.